Ẹ Má Bẹ́ Igi Lórí: Ọ̀rọ̀ Lórí Rírẹ́ Igi Olódòdó Inú Ọgbà Ilé
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde)

   

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí lórí fóònù pé èmi ni mo máa sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo ní, "Akọ̀wé, kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í ṣe lọ́yà, n kò sì ṣe òṣèlú." Ó ní, "Sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tó o mọ̀ jàre. Gbogbo wa la ní igi kan tàbí méjì lójúde, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Àti pé ọ̀rọ̀ igi ilé-ìwé wa ṣì wà nílẹ̀." Ibẹ̀ ló ti mú mi. Ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ igi náà kí n tó jókòó.

ỌMỌ GÁDÍNÀ

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì mọ̀ pé ọmọ gádínà ni mí. Ẹ tilẹ̀ fi ń pè mí nígbà náà: "Ọmọ Gádínà!" Inú máa ń bí mi, lónìí, mo fi ń yangàn. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, nínú ilé fèsì-mi-n-fèsì-ẹ kan tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, tí ilé ìdáná àti balùwẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayálégbé. Kò sí igi kan ní àgbàlá wa, àfi igi furúùtù kan tó wà lẹ́bàá gọ́tà lóde, tí mẹkáníìkì kan fi ìbòòji rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù. Láago mẹ́fà àárọ̀, bàbá mi á gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á di àdá àti ayùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, á kọjá Boundary, á sì bọ́ sí Àpápá.

Ìrìn náà kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n lójú èmi ọmọdé, ayé méjì ni. Ọdún 1926 ni wọ́n ṣí èbúté Àpápá. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1950, àjọ LEDB tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 ti ń la ilẹ̀ ibẹ̀ sí ti ilé iṣẹ́ àti ti ilé gbígbé. Ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú ọgbà tirẹ̀, pẹ̀lú koríko tútù, igi aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ yẹ́lò. Ní tiwa lọ́hùn-ún, ilẹ̀ àbàtà ni, òjò kékeré, omi á dé orókùn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ mú mi dání lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan, ní 1972. Mo bi í pé, "Bàbá, ta ló kun igi yìí ní pupa?" Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ náà ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Kó o tó fi ayùn kan igi, kọ́kọ́ yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, wo ẹ̀ka tó ti kú. Lẹ́ẹ̀kejì, wo àwọn ẹ̀ka tó ń bára wọn jà. Lẹ́ẹ̀kẹta, wo inú ara rẹ bóyá inú ń bí ọ. Ẹni tínú ń bí kì í rẹ́ igi." Mo ti ka ìwé tó pọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, n kò tíì rí èyí tó sọ ọ́ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÀWỌN ÀLEJÒ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ ONÍLÉ

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn igi olódòdó tí a ń pè ní igi Àpápá, àlejò ni wọ́n. Flamboyant tó ń tan bí iná, láti erékùṣù Madagascar ló ti wá. Bougainvillea tó ń gun ògiri, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Frangipani olóòórùn dídùn, tó pọ̀ nínú ọgbà ìsìnkú, Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Nílùú Èkó níbí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó ọ̀gbìn kan sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní 1887, láyé Gómìnà Alfred Moloney, láti máa dán oríṣiríṣi igi wò. Nítorí náà, gbígbé igi ilẹ̀ òkèèrè wá sí Èkó kì í ṣe nǹkan àná.

Ṣùgbọ́n a ní tiwa náà. Òrúrù tó ń yọ òdòdó pupa bí ife, igi wa ni. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe máa ń já ìdì òdòdó rẹ̀ tí kò tíì là, tí a ó tẹ̀ ẹ́, tí omi inú rẹ̀ á tu sí ẹlòmíràn lójú? Àkòko tí a fi ń joyè náà ń yọ òdòdó tó rẹwà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá rẹ̀ tí a bá rì mọ́lẹ̀ á di igi. Igi méjèèjì yìí, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Palisot de Beauvois, tó wá sí àgbègbè Warri àti Ìbíní ní 1786, ló kọ nípa wọn sínú ìwé fún àwọn ará Yúróòpù. Àwa ti ń fi àkòko joyè kí ó tó dé.

Àlejò o, onílé o, gbogbo wọn ló ń fẹ́ ìtọ́jú. Igi inú igbó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ká a mọ́, á máa ta lọ sókè láti wá oòrùn. Igi inú ọgbà ilé dá wà, á na ọwọ́ síbi tó wù ú: sórí páànù, sórí wáyà iná, sórí ọmọ aládùúgbò. Ohun tó sọ rírẹ́ ẹ̀ka di dandan nìyẹn.

OHUN TÍ MO FỌWỌ́ ARA MI ṢE

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtìjú mi fún yín, nítorí àgbà tó bá purọ́ níwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ojú ni yóò tì í.

Bàbá mi ra ìdajì púlọ́ọ̀tì sí Ajégúnlẹ̀ ní 1981, ó kọ́lé síbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ gbìn ni hóró flamboyant kan tó mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó re orí hóró náà díẹ̀ pẹ̀lú fáìlì, ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, torí pé èèpo hóró rẹ̀ le. Igi náà hù, ó tóbi, ó bo ojúde wa. Bàbá mi kú ní 1998. Èmi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní wáàfù, n kò rójú fún igi. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní 2011, ẹ̀ka rẹ̀ ti bo orí páànù. Àwọn ayálégbé ń ráhùn, ìyàwó mi ń ráhùn. Lọ́jọ́ kan tínú ń bí mi, mo pe àwọn ọmọkùnrin méjì tó ní ayùn ẹlẹ́ńjìnnì. Mo ní kí wọ́n bẹ́ igi náà lórí. Láàárín wákàtí méjì, wọ́n sọ ọ́ di òpó pẹ̀lú kùkùté mẹ́rin. Mo sanwó fún wọn, mo sùn dáadáa.

Ẹ̀yin ará mi, kò ju oṣù méjì lọ tí igi náà fi tún kún fún ewé. Èéhù yọ lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan bí irun orí. Inú mi dùn. Mo ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i? Ó ti tún ara rẹ̀ ṣe." N kò mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń yọ jáde lára igi yẹn, kì í ṣe ìlera.

Ní oṣù Kẹrin 2014, ọ̀kan nínú ìjì tó máa ń ṣíwájú òjò dé ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin aládùúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń sáré kó aṣọ lórí okùn. Ẹ̀ka kan tó tóbi tó itan mi já pátápátá láti ibi kùkùté, ó fọ́ páànù wọn, ó sì fi apá kan bá ọmọ náà. Apá òsì rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò bà á lórí. Ó ti di ọ̀dọ́bìnrin báyìí, ó sì máa ń kí mi dáadáa. Ṣùgbọ́n apá yẹn kò nà tán. Gbogbo ìgbà tó bá kúnlẹ̀ kí mi ni mò ń rí i.

Àwọn ará àdúgbò ní, "Iṣẹ́ ìjì ni, ẹ má da ara yín lẹ́bi." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ibi tí ẹ̀ka náà ti já, mo rí i pé ó kan lẹ̀ mọ́ èèpo ni. Igi abẹ́ rẹ̀ ti rà, ó dúdú, olú ti hù sí i. Ìjì kọ́ ló ṣẹ́ ẹ̀ka yẹn. Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ lọ́dún mẹ́ta ṣáájú. Ọdún náà ni mo fi iṣẹ́ wáàfù sílẹ̀, tí mo padà sídìí iṣẹ́ bàbá mi, tí mo sì wá kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìn-ín-ní.

KÍ LÓ BURÚ NÍNÚ BÍBẸ́ ORÍ IGI?

Ewé ni ilé ìdáná igi. Ibẹ̀ ni igi ti ń fi oòrùn se oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ́ orí igi, ẹ ti wó ilé ìdáná rẹ̀ nìyẹn, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Nítorí ebi yìí ló ṣe máa ń sáré yọ èéhù púpọ̀. Ẹ̀ka tí igi yọ fúnra rẹ̀ láti kékeré, àtinú igi ló ti wá. Ọdọọdún ni ara igi ń dàgbà yí ìdí rẹ̀ ká, tó ń dì í mú. Ṣùgbọ́n èéhù orí kùkùté, abẹ́ èèpo ló ti rú jáde, kò ní ìdí kankan nínú. Ó ń yára gùn, ó ń wúwo, nígbà tí kùkùté tó gbé e dúró ń jẹrà. Ẹ wá rò ó wò: ẹrù ń pọ̀, àkàbà ń jẹrà.

Igi flamboyant tilẹ̀ tún burú ju àwọn mìíràn lọ, torí pé igi rẹ̀ kò le, gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń tẹ́ sórí ilẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀ àti púpọ̀ nínú Àpápá, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, nítorí náà gbòǹgbò kì í lè lọ sísàlẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá tún gé gbòǹgbò nítorí pé ó fẹ́ da kọnkéré síwájú ilé, ó ti gé ẹsẹ̀ igi náà.

BÍ A ṢE Ń GÉ Ẹ̀KA

Bàbá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí ó ṣe tí a mọ̀ lónìí pé kò tọ́. Ó máa ń gé ẹ̀ka pẹ́lẹ́bẹ́ mọ́ ara igi, lẹ́yìn náà á fi ọ̀dà dúdú kun ojú rẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, gbogbo ayé ló sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Alex Shigo, tó bá àjọ ìjọba tó ń bójú tó igbó lọ́hùn-ún ṣiṣẹ́, ló la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi gbọọrọ láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí a bá gé wọn. Ó kú ní 2006, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló kù tí àwa onígi ń lò.

Ohun tó rí ni pé ọgbẹ́ igi kì í jinná bíi ti ènìyàn. Ara wa máa ń fi ẹran tuntun rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Igi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká, tó ń dàgbà bò ó, tó ń bá ayé tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ wa ni pé kí a má wó odi náà. Bí ẹ bá wo ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi, ẹ óò rí i pé ó wú díẹ̀ yípo, bí ẹni tó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Èyí ni mo ń pè ní ọrùn ẹ̀ka. Ibẹ̀ ni igi ti ń mọ odi. Bí ẹ bá gé ọrùn náà kúrò, ẹ ti ṣí ìlẹ̀kùn fún olú àti ikán. Bí ẹ bá sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀, kùkùté á kú, ìjẹrà á gba ibẹ̀ wọlé. Àárín méjèèjì ni kí ẹ gé sí: lẹ́yìn ọrùn, láìfi kùkùté sílẹ̀. Ẹ má sì kun ọ̀dà. Ọ̀dà kì í dá ìjẹrà dúró, ó tilẹ̀ lè sé omi mọ́nú.

Ẹ̀ka tó bá tóbi ju ọrùn ọwọ́ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta la ń gé e:

Ìkínní, ẹ jìnnà sí ara igi tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ fi ayùn gé ẹ̀ka náà láti abẹ́ lọ sókè, kó wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ìkejì, ẹ sún díẹ̀ sí i sí ìhà ṣóńṣó ẹ̀ka, kí ẹ gé e láti òkè wá sílẹ̀ títí tí yóò fi já. Nítorí gígé abẹ́ tí ẹ ti ṣe, kò ní lè bó èèpo ara igi lọ.

Ìkẹta, ẹ wá gé kùkùté tó kù, lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ gan-an.

Ayùn ni kí ẹ lò fún èyí o, kì í ṣe àdá. Àdá ń fọ́ igi ni. Lọ́dún kan, ẹ má ṣe mú ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé igi náà lọ. Bí igi bá ti dàgbà púpọ̀, kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pa ẹ̀kan ìrókò. Ẹni tó bá gbin flamboyant lónìí, kí ó yan ẹ̀ka kan tó dúró ṣánṣán ṣe olórí láti ọdún kìn-ín-ní. Èyí tó bá fẹ́ bá a du ipò, kí ó gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò. Ibi tí ẹ̀ka méjì tó tóbi bákan náà bá ti pín bí àtàpótà tó há, ibẹ̀ ni yóò ya lọ́jọ́ kan. Sísọ́ọ̀sì lásán lẹ fi ń ṣe é nígbà tó wà ní kékeré. Bó bá di ogún ọdún, owó ńlá ni.

ÌGBÀ WO?

Ẹ̀ka tó kú tàbí tó ń fì lókè, kò ní àkókò. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ gé e. Ọgbọ́n kan rèé: bí flamboyant bá wọ́wé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó kú nínú ẹ̀ka rẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù Kẹwàá tí ewé ṣì wà, ẹ so àkísà pupa mọ́ ẹ̀ka tí kò bá léwé. Bó bá di oṣù Kìíní, ẹ gé gbogbo ohun tí ẹ sami sí, kí ìjì oṣù Kẹta tó dé.

Rírẹ́ gidi, ẹ dúró kí igi tanná tán. Flamboyant ń tanná láti ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ wọ inú òjò. Bí oṣù Kẹjọ bá dé tí òjò bá sinmi díẹ̀, àkókò tó wọ̀ nìyẹn. Ojú ọgbẹ́ á rí àyè gbẹ, òjò oṣù Kẹsàn-án á sì fún igi lágbára láti bo ara rẹ̀.

IGI KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI ÌWÀ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ló ń bi mí pé, "Kí ló dé tí ixora mi kò yọ òdòdó?" Tí mo bá débẹ̀, mo máa ń bá a pé gádínà ti rẹ́ ẹ pẹ́lẹ́bẹ́ bí orí sójà. Ṣóńṣó ẹ̀ka ni ixora ti ń yọ òdòdó. Bí ẹ bá ń rẹ́ ṣóńṣó lọ́sẹ̀ méjì méjì, ibo ni kó ti yọ? Ẹ jẹ́ kó tanná, kí ẹ tó rẹ́ ẹ díẹ̀.

Hibiscus àti bougainvillea ń tanná lórí ẹ̀ka tuntun. Nítorí náà wọn kì í bẹ̀rù àdínkù. Ẹ lè mú ìdá kan nínú mẹ́ta lára hibiscus tó ti gùn jù. Bougainvillea, ẹ rẹ́ ẹ lẹ́yìn tó bá tanná tán, kí ẹ má sì bomi rin ín jù. Omi àpọ̀jù, ewé ni yóò fi ṣe. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ̀gún rẹ̀ kò mọ ọ̀gá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ajégúnlẹ̀ tí ẹ ní kò sílẹ̀, ó ń ṣe dáadáa nínú táyà àlòkù tí a kó yẹ̀pẹ̀ sí.

Frangipani, ẹ má dí i lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ ló ń gbé òdòdó, bí ẹ bá gé e lọ́dún yìí, ẹ lè máà rí òdòdó níbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Oje rẹ̀ funfun, ó ń yún ara, ẹ má jẹ́ kó kan ojú. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá gé, ẹ má dà á nù. Ẹ fi sí ìbòòji bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ojú rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá rì í sílẹ̀, igi ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Òrúrù máa ń tóbi, ẹ̀ka rẹ̀ kò sì gbọ́ngbọ́n. Ẹ má gbìn ín mọ́lé.

Ọ̀rọ̀ àfòmọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ń fi ṣe àgbo, ṣùgbọ́n olè ni lára igi. Ó ń fa omi àti oúnjẹ inú ẹ̀ka. Kíkán an sọnù lásán kò tó, yóò tún hù. Ẹ gé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan sẹ́yìn ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ọn.

KÍ Ẹ̀MÍ MÁ BÁ A LỌ

Bí ẹ̀ka bá sún mọ́ wáyà iná tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe àwọn oníná. Ẹ má gun àkàbà pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì. Ẹ má dúró sábẹ́ ẹ̀ka tí ẹ ń gé. Ọjọ́ orí wa yìí kò gba pé kí a máa fi orí igi dánra wò. Ẹ háyà ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ dúró sílẹ̀ máa darí rẹ̀. Bó bá sọ fún yín pé òun á bẹ́ igi náà lórí nítorí ó rọrùn, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kí ó máa lọ.

Bó bá di dandan láti gé igi lulẹ̀, ẹ rántí pé àjọ LASPARK, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, ló ń rí sí ọgbà àti igi ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn kí ẹ tó gé e.

IGI ILÉ-ÌWÉ WA

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde.

Ẹ rántí igi flamboyant tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí a ti ń to ìlà láàárọ̀. A wà ní Form Three ní 1976 nígbà tí olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní Báyọ́lọ́jì, tí wọ́n jókòó níwájú yìí, ní kí kíláàsì wa gbin nǹkan kan. Bàbá mi ló fún wa ní igi náà nínú agolo mílíìkì. Abẹ́ rẹ̀ la ti kàwé fún ìdánwò àṣejáde. Èso rẹ̀ tó gbẹ la fi ń jà bí idà, tó ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Èmi mọ ẹni méjì nínú ìpàdé yìí tí wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lábẹ́ rẹ̀, n kò ní dárúkọ wọn, ọmọ wọn wà níbí.

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀ka kan já lára rẹ̀ lóru. Kò bá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn òbí, ẹ̀rù náà sì tọ́. Àwọn kan ní kí a gé e lulẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a bẹ́ orí rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí mo rí nìyí: ẹ̀ka ńlá kan ti kú lókè kíláàsì; àfòmọ́ wà lórí méjì; kùkùté àtijọ́ kan ti hu olú. Mo fi òòlù onígi kan ara rẹ̀ yípo. Ó ró ṣinṣin níbi gbogbo, àfi ní ìhà kan tó ró bí ìlù, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi méjì.

N kò ní tàn yín. Bí a bá la ibi olú náà, tí a rí i pé ihò ti jẹ inú igi lọ jìnnà, èmi tí bàbá mi fún wa nígi yìí ni màá kọ́kọ́ ní kí a gé e. Igi kan kò tó apá ọmọ kan. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a bẹ́ ẹ lórí. Èyí tó já lọ́dún tó kọjá yóò jẹ́ ọ̀kan. Bí a bá bẹ́ ẹ lórí, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ogún ẹ̀ka ni yóò máa wá ẹni tí yóò já lù.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni èyí. Láti òní lọ, kí ilé-ìwé fi okùn yí abẹ́ rẹ̀ ká, kí ọmọ kankan má jókòó síbẹ̀. Ẹ̀ka tó kú lókè kíláàsì, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá di oṣù Kẹjọ tí àwọn ọmọ bá wà ní ìsinmi, kí a rẹ́ èyí tó kù bó ṣe tọ́, kí a sì yẹ inú ihò yẹn wò. Èmi kò ní gba kọ́bọ̀. Owó ọ̀dọ́ méjì tó ń gun igi, okùn àti ayùn nìkan ni kí ẹgbẹ́ dá. Kí ó tó di oṣù Kẹjọ, ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, tí Ìpínlẹ̀ Èkó fi ń ṣe ọjọ́ igi gbígbìn láti 2008, kí a gbin òmíràn síbi tó jìnnà sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ Form Three ìsinsìnyí gbìn ín fúnra wọn. Wọ́n ń pè é ní JSS 3 báyìí, ẹ má bínú, àgbà ń dààmú mi. Màá lọ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀ka olórí, torí igi máa ń ju ẹni tó gbìn ín láyé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin náà rẹ́ ẹ̀ka lára wa. Ó dùn wá nígbà náà. Àmọ́ ẹ kò bẹ́ wa lórí, ẹ ṣeun o.

Bí ẹ bá ń lọ, agbọ̀n kan wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ẹ̀ka frangipani ló wà nínú rẹ̀, mo ti fi wọ́n gbẹ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń gbé Àpápá, kó gbìn ín sí ọgbà; ẹni tó bá ń gbé Ajégúnlẹ̀, kó gbìn ín sínú táyà. Bó bá tanná, ẹ pè mí kí n wá wò ó.